Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ìlera Háàdì Díráìfù Kí Ó Tó Kú

Ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí pé háàdì díráìfù bàjẹ́ ló máa ń sọ pé àwọn kò rí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àmì wà, àmọ́ inú díráìfù fúnra rẹ̀ ló wà, níbi tí ẹni tí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ wò kò ní rí i. Díráìfù ń ka iye ìgbà tí ó gbìyànjú láti ka nǹkan tí kò rí i kà, ó ń ka iye ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ó ń ka wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ yẹn, èwo nínú àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ló yẹ kó kó wa lọ́kàn sókè, èwo ni kò tó nǹkan, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá kọ́kọ́ yí padà.

SMART ni orúkọ tí a mọ ètò àkọsílẹ̀ yìí sí. IBM gbé irú rẹ̀ jáde nínú díráìfù tirẹ̀ ní 1992. Nígbà tó di 1995, Compaq gbé èyí tí òun àti àwọn kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe díráìfù jọ ṣe kalẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni ìlànà tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Yálà díráìfù alàwo tó ń yí ni tìrẹ, tàbí SSD tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé SMART wà nínú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í sábà bá ọ sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà àfi nígbà tí díráìfù bá ti ń kéde fúnra rẹ̀ pé òun ń kú lọ, ìgbà yẹn sì lè ti pẹ́ jù.

Irinṣẹ́ tí a fi ń ka àkọsílẹ̀ náà

Lórí Windows, CrystalDiskInfo ló rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí o bá ṣí i, yóò to gbogbo díráìfù tó rí sókè, yóò sì fi ọ̀rọ̀ kan àti àwọ̀ kan sọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: búlúù fún Good, yẹ́lò fún Caution, pupa fún Bad. Ohun kan wà nínú ètò yìí tó máa ń da ojú rú. Òpó tí a pè ní Raw Values máa ń fi iye hàn ní ọ̀nà ìkọ̀wé tí lẹ́tà A títí dé F ń wọ̀ láàárín nọ́ńbà, débi pé ẹni tó bá rí 10 níbẹ̀ yóò rò pé mẹ́wàá ni, bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni. Lọ sí Function, kí o wọ Advanced Feature, lẹ́yìn náà Raw Values, kí o sì yan 10 [DEC] kí iye náà lè hàn bí a ṣe máa ń ka nọ́ńbà lójoojúmọ́.

Lórí Linux, smartmontools ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti macOS pẹ̀lú, nítorí náà ohun tí o bá kọ́ nípa rẹ̀ níbì kan yóò wúlò fún ọ níbòmíràn. Disk Utility tó bá macOS wá máa ń fi ìlà kan ṣoṣo sọ ipò SMART, Verified tàbí Failing, kò sì sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn kò tó fún ìṣọ́ tòótọ́. Lórí Debian, Ubuntu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àṣẹ àkọ́kọ́ yìí ni yóò gbé smartmontools sórí kọ̀ǹpútà rẹ, èkejì yóò sọ orúkọ àwọn díráìfù tó wà níbẹ̀, ẹ̀kẹta yóò sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀kan nínú wọn síta:

sudo apt install smartmontools
sudo smartctl --scan
sudo smartctl -a /dev/sda

Bí díráìfù náà bá wà nínú àpótí USB, ó ṣeé ṣe kí èsì rẹ̀ jẹ́ pé ètò kò mọ irú díráìfù tó jẹ́. Fi -d sat kún àṣẹ náà, èyí sì máa ń tó fún púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àpótí USB kan wà tí kì í jẹ́ kí SMART kọjá rárá. Mo gbà pé àpótí bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún díráìfù tí a fẹ́ fi nǹkan pàtàkì pamọ́ sí, nítorí pé ẹni tó ni ín kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí tí PASSED kò fi tó

Lápá òkè èsì smartctl ni ìlà kan wà tó sọ pé PASSED tàbí FAILED. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, ibẹ̀ náà sì ni ìṣọ́ wọn ti ń já sí asán. Láti mọ ìdí rẹ̀, wo tábìlì tó wà nísàlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun kan tí díráìfù ń ṣọ́, ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti orúkọ, ó sì ní àwọn òpó mẹ́rin tó ṣe pàtàkì. VALUE jẹ́ máàkì tí díráìfù fún ara rẹ̀; láti òkè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, 100 tàbí 200 nígbà púpọ̀, yóò sì máa lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń burú sí i. WORST ni ibi tí máàkì yẹn ti lọ sílẹ̀ jù rí. THRESH ni ààlà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe díráìfù fi lélẹ̀. RAW_VALUE ni iye gan-an tí díráìfù kà, òun sì ni a ó máa wò jù lọ.

Ohun tí PASSED ń sọ ni pé kò tíì sí máàkì pàtàkì kan tó ti já wálẹ̀ dé ààlà tirẹ̀. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe díráìfù ló yan ààlà náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì sábà máa ń fi í sí. Ẹni tó ta ọjà, tó sì ti ṣèlérí láti pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́, kò ní ìdí kankan láti tètè pariwo. Nítorí náà, díráìfù lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi tó ti bàjẹ́ kí ó sì máa sọ PASSED lọ. FAILED ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Má ṣe tún kọ̀ǹpútà tan láti wò ó bóyá yóò yí ohùn padà. Bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì rẹ kúrò níbẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà márùn-ún tó yẹ kí a mọ̀ lórí

Nínú gbogbo ìlà tó wà nínú tábìlì, márùn-ún ni ó yẹ kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ sí bí díráìfù rẹ bá jẹ́ alàwo: 5, 187, 188, 197 àti 198. Backblaze, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú fáìlì sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún díráìfù, ń fi àwọn márùn-ún yìí mọ èyí tó fẹ́ kú. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2016, ìdá 76.7 nínú 100 lára àwọn díráìfù tó ti kú ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tó ti kúrò lórí òdo, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 4.2 péré nínú 100 lára àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń kọ 187 àti 188 sílẹ̀, nítorí náà má ṣe bẹ̀rù bí o kò bá rí wọn.

Ó dára kí a mọ bí 197 àti 5 ṣe so kọ́ra, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi nǹkan túmọ̀. Díráìfù pín ojú àwo rẹ̀ sí àwọn ìpín kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́kítọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 512 tàbí 4096, ó sì ń fi àmì àyẹ̀wò kún ohun tó bá kọ síbẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí òun ń kà padà pé. Nígbà tí ó bá fẹ́ ka sẹ́kítọ̀ kan tí àmì náà kò bára mu, yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ló ń fà á tí kọ̀ǹpútà fi máa ń dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, díráìfù kò lè sọ sẹ́kítọ̀ náà nù lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ parọ́ fún ọ. Yóò kàn fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tó ń dúró de ìdájọ́, 197 yóò sì gòkè.

Ìdájọ́ náà yóò wáyé nígbà tí nǹkan tuntun bá fẹ́ di kíkọ sí ojú ibẹ̀. Bí sẹ́kítọ̀ náà bá gba ìkọ̀wé tuntun dáadáa, díráìfù yóò dá a sílẹ̀, 197 yóò sì wálẹ̀ láìsí ohun mìíràn. Bí kò bá gbà á, díráìfù yóò mú ọ̀kan nínú àwọn sẹ́kítọ̀ àfidípò tó ti fi pamọ́ láti ilé-iṣẹ́, yóò fi rọ́pò rẹ̀, 5 yóò sì gòkè. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé 197 ti padà sí òdo kò gbọdọ̀ yọ̀ kí ó tó wo 5. Lórí àwọn díráìfù kan, iye náà máa ń gòkè ní mẹ́jọmẹ́jọ, torí pé sẹ́kítọ̀ onbáìtì 4096 kan tó bàjẹ́ jẹ́ mẹ́jọ nínú àwọn onbáìtì 512 tí díráìfù fi ń hàn fún kọ̀ǹpútà. Mẹ́jọ níbẹ̀ lè jẹ́ ojú ibì kan ṣoṣo.

Ní ti 198, ó jẹ́ iye sẹ́kítọ̀ tí díráìfù kò rí kà nígbà tó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Òun àti 197 sì máa ń bára wọn rìn. 187 ni iye ìgbà tí díráìfù ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun kò lè ka ohun tó béèrè, ìyẹn ni pé ìpalára ti dé ọ̀dọ̀ fáìlì rẹ. 188 ń ka iye àṣẹ tí kò parí lásìkò, ó sì lè jẹ́ wáyà tàbí iná tí kò dúró déédéé ló fa tirẹ̀. Èmi kì í fi òun nìkan ṣe ìpinnu.

Bí nọ́ńbà ṣe ń rìn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tóbi tó lọ. Díráìfù tí 5 rẹ̀ wà lórí 8 láti ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò sì kúrò níbẹ̀, ṣeé fọkàn tán ju èyí tó wà lórí òdo lọ́sẹ̀ tó kọjá tó sì di 16 lónìí. Ìwádìí kan tí Google gbé jáde ní 2007, lórí díráìfù tó lé ní 100,000, ti èyí lẹ́yìn. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí díráìfù bá ti fi àfidípò rọ́pò sẹ́kítọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó kú láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ní ìlọ́po 14 ju èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí lọ. Fún èyí tó kọ́kọ́ ní sẹ́kítọ̀ tó ń dúró de ìdájọ́, ìlọ́po 16 ni. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìṣípò àkọ́kọ́ kúrò lórí òdo sí ìkìlọ̀ tó tó fún ẹ̀dà gbogbo fáìlì, kì í ṣe ohun tí a ó máa wo níran.

Ìwádìí yẹn kan náà tún sọ ohun kan tí ẹni tó ń ṣọ́ díráìfù gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Lára àwọn tó kú, ó lé ní ìdá 56 nínú 100 tí kò fi ọ̀kan kan hàn nínú àwọn àmì mẹ́rin tó lágbára jù. Iye yìí kò bá ti Backblaze mu, torí pé díráìfù wọn, ọdún wọn àti àwọn àmì tí wọ́n kà yàtọ̀ síra, àmọ́ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí: nọ́ńbà tó burú jẹ́ ìkìlọ̀ tòótọ́, nọ́ńbà tó dára kì í ṣe ìlérí. Ẹ̀dà fáìlì gbọ́dọ̀ ti wà níbòmíràn kí ìṣọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìṣọ́ ń fún wa ni àkókò láti pààrọ̀ díráìfù ní ìrọ̀rùn.

Àwọn ìlà yòókù

199, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ UDMA_CRC_Error_Count, yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ó ti mú kí ọ̀pọ̀ díráìfù tó lera di ohun tí a jù nù. Ohun tó ń kà ni àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín díráìfù àti kọ̀ǹpútà. Wáyà SATA tó ti rẹ̀, tàbí tí a kò tì wọlé dáadáa, ni ó sábà máa ń fà á. Pààrọ̀ wáyà náà, kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí o sì padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ńbà náà kò ní padà sí òdo láé. Bí kò bá ti gòkè mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí 10, Spin_Retry_Count, bá kúrò lórí òdo, ó túmọ̀ sí pé àwo kò rí agbára yí dé ibi tó yẹ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ iná tí kò tó, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó ń yí àwo ti ń rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí kejì, ọjọ́ kan yóò dé tí díráìfù náà kò ní dìde mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, nítorí náà má ṣe pa á títí tí ẹ̀dà yóò fi parí. 194 ni ìgbóná ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú díráìfù alàwo ni ilé-iṣẹ́ gbà pé kó ṣiṣẹ́ títí dé 60°C, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń kọjá 50°C lójoojúmọ́ ní láti rí atẹ́gùn sí i. 9 ni iye wákàtí tó ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Wákàtí 8,760 ni ọdún kan, nítorí náà ẹni tó ra díráìfù tí a pè ní tuntun, tí ó sì bá 20,000 níbẹ̀, ti mọ ohun tí wọ́n tà fún un.

Má ṣe jẹ́ kí ìlà 1 àti ìlà 7 lórí díráìfù Seagate dẹ́rù bà ọ́. Iye tó wà níbẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù lórí díráìfù tí kò ní àìsàn kankan, torí pé ilé-iṣẹ́ náà kó iye àṣìṣe àti iye iṣẹ́ tí díráìfù ti ṣe pọ̀ sínú nọ́ńbà kan.

Bí ó bá jẹ́ SSD

Lórí SSD tó ń lo NVMe, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tábìlì onínọ́ńbà ìdánimọ̀ kò sí. Àwọn ìlà tó ní orúkọ ni ìwọ yóò bá, wọ́n sì rọrùn láti kà ju ti alàwo lọ. Critical Warning gbọ́dọ̀ jẹ́ 0x00. Available Spare ni ìdá àwọn ibi àfidípò tó ṣẹ́ kù, láti 100 ló sì ti ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ Available Spare Threshold, àkókò ìpààrọ̀ ti dé. Percentage Used ni ìṣirò ilé-iṣẹ́ lórí bí SSD náà ṣe gbó tó. Ó lè kọjá 100 kí SSD ṣì máa ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tí 100 ń sọ kò ju pé ìlò rẹ̀ ti dé ibi tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sọ̀yà dé. Media and Data Integrity Errors ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí pé òun ló ń sọ iye ìgbà tí SSD kò lè dá ohun tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ padà bó ṣe wà. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

SSD kì í dún, kì í sì í sábà lọ́ra díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kú bí alàwo ṣe ń ṣe. Òmíràn lè kọ̀ láti gba ìkọ̀wé mọ́, tí kíkà nìkan yóò ṣẹ́ kù, òmíràn sì lè pòórá kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà fáìlì le lórí SSD ju ti alàwo lọ.

Kí díráìfù yẹ ara rẹ̀ wò

Àwọn nọ́ńbà tí a ti sọ yìí máa ń gòkè nígbà tí díráìfù bá dé ibi tó bàjẹ́. Bí fáìlì kan bá ti wà níbì kan fún ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, ibẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí àkọsílẹ̀ má sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí díráìfù yẹ ara rẹ̀ wò:

sudo smartctl -t short /dev/sda
sudo smartctl -t long /dev/sda
sudo smartctl -l selftest /dev/sda

Èyí àkọ́kọ́ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kì í sì í wo ju díẹ̀ lára àwo. Èkejì ń ka gbogbo ojú díráìfù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè gba odindi òru tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tó tóbi. O lè máa lo kọ̀ǹpútà lọ ní gbogbo àkókò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò lọ́ra díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni yóò fi èsì hàn. Completed without error ni ohun tí a fẹ́ rí. Bí o bá rí Completed: read failure, pẹ̀lú nọ́ńbà kan lábẹ́ LBA_of_first_error, díráìfù ti sọ fún ọ ní pàtó ibi tí òun kò ti lè kàwé mọ́, ohunkóhun tí ìlà PASSED ìbáà máa sọ.

Bí a ṣe ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣọ́ náà

Ìṣọ́ tó bá gbára lé ìrántí ènìyàn kì í pẹ́ kó tó di ìgbàgbé. Apá kan wà nínú smartmontools tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ smartd, ó ń wo àwọn díráìfù ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè fi í-meèlì ránṣẹ́ bí nǹkan bá yí padà. Ṣí fáìlì /etc/smartd.conf, kí o sì fi ìlà kan bí èyí rọ́pò ìlà DEVICESCAN tó wà níbẹ̀:

DEVICESCAN -a -n standby,q -s (S/../.././02|L/../01/./03) -W 4,45,55 -m root

Apá -a ní kí ó ṣọ́ gbogbo nǹkan. Apá -n standby,q kò ní jẹ́ kó jí díráìfù tó ti sùn. Èyí tó wà nínú àkámọ́ ní kí àyẹ̀wò kúkúrú máa wáyé ní aago méjì òru lójoojúmọ́, kí ti gígùn sì máa wáyé ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ kìíní oṣù. -W ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbóná bá fi 4°C yí padà tàbí tó bá dé 45°C, kí ó sì kìlọ̀ bí ó bá dé 55°C. Fi àdírẹ́sì rẹ sí ipò root bí kọ̀ǹpútà náà bá lè fi í-meèlì ránṣẹ́ síta. Lẹ́yìn náà fi -M test kún ìlà yẹn fún ìgbà díẹ̀, kí o sì tún smartd tan, láti rí i pé ìkìlọ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ lóòótọ́. Ìkìlọ̀ tí a kò dán wò rí lè máa ṣubú sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Lórí Windows, yan Resident àti Startup lábẹ́ Function nínú CrystalDiskInfo, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti tan. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí nọ́ńbà ṣe ń rìn láti oṣù dé oṣù lórí Linux lè máa tẹ àṣẹ yìí lóṣooṣù, tí yóò kọ ọjọ́ àti tábìlì sínú fáìlì kan náà:

(date; sudo smartctl -A /dev/sda) >> ~/sda.txt

Àmì tó wà lójúde

Àwọn àmì kan wà tí a kò nílò irinṣẹ́ láti rí. Kọ̀ǹpútà tó ń dúró gbagidi nígbà tí a bá ṣí fódà kan pàtó, fáìlì tó ṣí dé àárín tí ìyókù rẹ̀ kò sì jáde, Windows tó ń yẹ díráìfù wò ní gbogbo ìgbà tó bá tan: gbogbo ìwọ̀nyí yẹ fún ìwádìí lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú Event Viewer ti Windows, lábẹ́ System, wá nọ́ńbà 7, tó ń sọ pé díráìfù ní ibi tó bàjẹ́, 153, tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà ní láti tún iṣẹ́ kan ṣe, àti 52, tó ń sọ pé díráìfù ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú ara rẹ̀. Lórí Linux, àṣẹ journalctl -k ni yóò fi ọ̀rọ̀ I/O error hàn bí ó bá wà.

Ìró yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Bí díráìfù alàwo bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìdáwọ́ dúró, tàbí tó ń dún bí irin tó ń ha irin, ó ṣeé ṣe kí orí tó ń kàwé ti bàjẹ́ tàbí kó ti máa fọwọ́ kan àwo. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá tún fi wà lórí iná lè máa ha ohun tó kù lórí àwo náà dànù. Pa á. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ṣe pàtàkì tí kò sì ní ẹ̀dà, àwọn tó ń ṣí díráìfù nínú yàrá tí eruku kò sí ni ó kù láti kàn sí. Má ṣe gbé e sínú fíríìsà bí àwọn kan ṣe máa ń dámọ̀ràn. Omi tí yóò ṣẹ̀ sórí àwo lè ba ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́.

Nígbà tí àmì bá dé

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ṣe ẹ̀dà, ohun tí a kò lè rí padà níbòmíràn ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àwòrán, ìwé iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó yóò lọ kí fíìmù àti ètò tó tẹ̀ lé wọn. Má ṣe ṣiṣẹ́ chkdsk /r lórí díráìfù tó ń ṣàìsàn kí ẹ̀dà tó parí, nítorí pé yóò mú un ka gbogbo ojú ara rẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ ti dínkù, ó sì lè yí ètò fáìlì padà lọ́nà tí a kò ní lè dá padà. Má ṣe gbé Windows tuntun sórí rẹ̀, má sì ṣe to fáìlì inú rẹ̀ ní títò tuntun.

Bí ẹ̀dà lásán bá ń dúró lójú ọ̀nà nítorí àwọn sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà, GNU ddrescue lórí Linux ni irinṣẹ́ tó mọ bí a ti ń ṣe é. Ó máa ń kó ibi tó rọrùn ná, yóò fò kọjá ibi tó le, yóò sì kọ ibi tó dé sínú fáìlì kan kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí iná bá lọ. Níbí, /dev/sdb ni díráìfù tó ń ṣàìsàn, /dev/sdc sì ni tuntun, tí kò gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́:

sudo ddrescue -f -d -n /dev/sdb /dev/sdc rescue.map
sudo ddrescue -f -d -r3 /dev/sdb /dev/sdc rescue.map

Ka orúkọ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ Enter. Ẹni tó bá ṣi wọ́n pààrọ̀ yóò fi òfìfo díráìfù tuntun bo gbogbo ohun tó fẹ́ gbà là mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí èyí bá parí, lórí tuntun ni kí o ti ṣe gbogbo àtúnṣe ètò fáìlì.

Díráìfù tí a ti kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀ lè má tíì yẹ fún jíjù nù. Bí ó bá jẹ́ 197 nìkan ló gòkè, tí kò sì pọ̀, kọ òdo sí gbogbo ojú rẹ̀ kí gbogbo sẹ́kítọ̀ tó ń dúró lè rí ìdájọ́ gbà, ṣe àyẹ̀wò gígùn, kí o sì wo 5 àti 197 lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 197 bá padà sí òdo tí 5 kò sì gòkè, ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí ikú rẹ̀ kò ti ní dun ẹnikẹ́ni. Bí 5 bá gòkè, wo ìwé gàráńtì rẹ̀, kí o sì fi èsì smartctl ti ìbéèrè rẹ lẹ́yìn. Nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá gba ìkọ̀wé mọ́, tí gàráńtì rẹ̀ sì ti tán, gbẹ́ ihò gba àárín àwo rẹ̀ kọjá, tàbí kí o fọ́ àwọn ṣíìpù inú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ SSD.